Tó o bá fẹ́ ṣe áàpù fáwọn tó ń wo gọ́ọ̀fù

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan wà ní Adó-Èkìtì níbí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni wọ́n bá kó sí wíwo gọ́ọ̀fù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé áàpù mi síwájú wọn, wọ́n wo òkè pátápátá níbi tí mo kọ -8 sí, wọ́n ní, "Ẹni tó jẹ gbèsè mẹ́jọ lo wá fi sípò kìíní?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo lọ tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé.

Kọ́kọ́ mú ẹnì kan tó o mọ̀, kó o bi í ohun tó ń wá. Ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù fúnra ẹ̀ fẹ́ mọ bí ihò ṣe jìnnà tó, ẹni tó ń wò ó nílé fẹ́ mọ ẹni tó ń borí. Má pa àwọn méjèèjì pọ̀ sójú kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbé kọ̀ǹpútà tì, mú bébà àti bírò, ya lídábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tó ń fi ipò àwọn agbágọ́ọ̀fù hàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà jù. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní páà tiẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó yẹ kí ọ̀jáfáfá fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Tó bá gbá a dín sí iye yẹn, àmì ìyọkúrò ló máa gbà, ẹni tí ìyọkúrò ẹ̀ pọ̀ jù ló ń borí. Ní Masters, ìyẹn ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, pupa ni wọ́n fi ń kọ èsì ẹni tó wà lábẹ́ páà, àwọ̀ ewé sì ni ti ẹni tó kọjá páà, bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn pupa ni wàhálà o! So má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan, kọ ọ́ sílẹ̀: "8 lábẹ́ páà".

Èyí tó tún le ni pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Ẹnì kan lè ti gbá gbogbo ihò 18 ọjọ́ yẹn tán pẹ̀lú -8, kí ẹlòmíì wà ní -7 kó sì tún ku ihò 6 fún un, tó o bá kàn kọ "kìíní" àti "ìkejì", èèyàn á lọ sùn, ọ̀rọ̀ á sì yí padà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ihò 10 nígbà míì, torí náà má kọ nọ́ńbà ihò tí wọ́n wà, kọ "ó ku ihò 6".

Aago ńkọ́? Oṣù April ni Masters ní Augusta, aago tiwa fi wákàtí 5 ṣáájú tiwọn, aago méje alẹ́ wọn, òru ló jẹ́ níbí. The Open, ìdíje ńlá míì tó máa ń wáyé lóṣù July ní UK, aago kan náà la jọ ń lò. Jẹ́ kí áàpù fúnra ẹ̀ ṣírò ẹ̀, kí èèyàn sì lè mú agbágọ́ọ̀fù kan ṣoṣo tí fóònù máa dún fún lóru. Tí agbágọ́ọ̀fù yẹn ò bá yege láti máa bá ìdíje lọ lẹ́yìn ọjọ́ kejì, sọ fún ẹni tó ń wò ó, má kàn jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ pòórá.

Dátà: nọ́ńbà ni kó kọ́kọ́ jáde, fọ́tò lè tẹ̀ lé e. Tó o bá wọkọ̀ láti Adó lọ Ìjerò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa wá á máa lọ, so jẹ́ kí èsì tó gbà kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú aago tó gbà á. Lógò àti fídíò ìdíje, má kàn mú un láti íntánẹ́ẹ̀tì o, ó ní ẹni tó ni ín.

Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, gbé e fún ẹni tó o bi léèrè níbẹ̀rẹ̀ kó o sì panu mọ́, ìyẹn gan-an ló nira fún mi. Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n màmá mi yẹn, mò ń wo àtàǹpàkò wọn, wọ́n tẹ orúkọ agbágọ́ọ̀fù kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣí, torí àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan ni mo ṣe kó máa ṣí tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlà yẹn ló ń ṣí báyìí, ibi yòówù kí wọ́n tẹ̀.