Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹmu mu, ẹ kọ́kọ́ béèrè aago

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹlẹ́mu kì í ṣe "èló ni kéègì kan", "ìgbà wo lẹ gbé e sọ̀kalẹ̀" ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu ẹmu kí n tó mọ èyí o. Bàbá adẹ́mu kan lọ́nà Ẹpẹ́ ló bù fún mi nínú agbè méjì lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n tọ́ wọn wò, mo ní èkíní dùn, èkejì le, mo ti rò pé igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bàbá ní rárá o, igi kan náà ni, ti ìrọ̀lẹ́ àná lèkejì, ti àárọ̀ yìí lèkíní. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Omi tó ń kán látara ọ̀pẹ, tẹ́ ẹ bá gbà á lójú ibi tó ti ń kán gan-an, kò sí ọtí nínú ẹ̀, omi ṣúgà ni, ṣúgà ọ̀hún máa ń tó gíráàmù 10 sí 12 nínú gíráàmù 100. Ìwúkàrà (yíìsì, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú) inú afẹ́fẹ́, àti èyí tó ti wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù sísàlẹ̀ agbè, á kó sí i, á máa jẹ ṣúgà yẹn, á máa sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì, ìdí nìyẹn tó fi ń hó. Funfun bíi wàrà tẹ́ ẹ ń rí yẹn náà, ìwúkàrà àtàwọn kòkòrò tójú ò lè rí ló pọ̀ nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá fi máa tó ọjọ́ kan, ọtí inú ẹ̀ lè ti tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100, bíi ti bíà, lẹ́yìn ìyẹn ó di kíkan. Wáìnì èso àjàrà tó dáa lè wà nínú ìgò fún 20 ọdún kó ṣì máa dùn sí i, ẹmu ò ráyè ìyẹn, láàárín ọjọ́ méjì ló máa ṣèwe tó máa ṣàgbà. Ẹni tó bá ní òun mọ adùn ẹmu, tó jẹ́ pé aago kan ṣoṣo ló máa ń bá a pàdé, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Torí náà ẹ ṣe báyìí. Lọ́jọ́ tí ẹ ò ní jáde, ẹ ra lítà méjì lọ́wọ́ ẹnì kan ní kùtù, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi asẹ́ sẹ́ kòkòrò àti oyin inú ẹ̀ kúrò, ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́, kó má kún dẹ́nu. Ẹ má dé ìdérí ẹ̀ pa o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn gbé e lé e ni, torí gáàsì yẹn ò ní dúró, mo ti rí ìgò tó bẹ́ nínú búùtù mọ́tò tí gbogbo ẹrù inú ẹ̀ sì rin gbingbin. Ẹ tọ́ ọ wò láago mẹ́jọ, láago méjìlá, láago mẹ́rin, kẹ́ ẹ tún tọ́ ọ wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdajì ife péré nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sórí fóònù, torí ahọ́n máa ń gbàgbé.

Kẹ́ ẹ tó mu ún, ẹ fi omi lásán yọ ẹnu. Ẹ má jẹ ata ṣáájú, ẹ má sì jẹ obì, ṣé ẹ mọ̀ pé téèyàn bá jẹ obì tán, omi lásán gan-an á máa dùn lẹ́nu ẹ̀, báwo lẹ ṣe wá fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ti ẹmu. Ẹ gbé imú sún mọ́ igbá, ẹ gbóòórùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá mu, ẹ fi fọ ẹnu ni, ẹ má tíì dá ẹjọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó dúró lórí ahọ́n, kẹ́ ẹ yí i ká ẹnu, kẹ́ ẹ wá gbé e mì, kẹ́ ẹ máa wo ohun tó kù lẹ́nu. Ibi tó kù lẹ́nu yìí ni ọ̀rọ̀ wà jù. Ẹ má fi yìnyín sí i, omi lẹ ń bù lé e yẹn, tó bá sì ti tutù jù, òórùn ẹ̀ á kú.

Ohun tí èmi rí nìyí. Láago mẹ́jọ ó dùn, ó fẹ́ jọ omi àgbọn tí wọ́n fún ìrèké sí, kò fi bẹ́ẹ̀ ta ahọ́n. Láago méjìlá ó ti ń hó ṣàà, ó ń ta nímú, òórùn ẹ̀ sì jọ ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ti pò sílẹ̀, kò sì yani lẹ́nu torí irú ìwúkàrà kan náà ni. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Láago mẹ́rin adùn ti fà sẹ́yìn, ó ń kan díẹ̀díẹ̀ bí ọsàn, ọ̀nà ọ̀fun á wá máa móoru. Lọ́jọ́ kejì, omi ògì tó ti kan ló wá sí mi lọ́kàn. Àwọn àgbà kan ò ní mu òmíràn yàtọ̀ sí ìyẹn. Tí ò bá bá yín lára mu, ẹ wá àgbáyun ẹyọ kan, ẹ lá a dáadáa, ẹ wá padà síbi ẹmu kíkan yẹn, ẹ máa rí i pé ó ti dùn, èso yẹn ló máa ń sọ kíkan di adùn lórí ahọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ aago, ẹ wá fi ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ wéra. Ògùrọ̀ ń hù lábàtà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń so kó tó kú, ọ̀pẹ ní tiẹ̀ ń so lọ ní tiẹ̀ ni. Kí wọ́n jẹ́ ọmọ aago kan náà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aago lẹ ń tọ́ wò, kì í ṣe igi. Lẹ́nu tèmi ògùrọ̀ fúyẹ́ ju ti ọ̀pẹ lọ. Ti inú ìgò tí wọ́n ti sè, irú èyí tí NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba nílùú Benin, máa ń ṣe, ẹ lè mu ún, àmọ́ iná ti pa ìwúkàrà inú ẹ̀, aago ẹ̀ ti dúró.

Aago yìí náà ló máa tú àṣírí ayédèrú. Mo ra kéègì kan létí títì rí fún ìsọmọlórúkọ, ó dùn bí oyin láàárọ̀, ọ̀sán pọ́n kò hó, ìrọ̀lẹ́ dé adùn yẹn ṣì wà bó ṣe wà, àmọ́ kinní kan ń korò lẹ́yìn ahọ́n mi. Omi àti sákárìn, adùn àtọwọ́dá tí kì í ṣe ṣúgà, ni. Ìwúkàrà máa ń jẹ ṣúgà, kì í jẹ sákárìn, ìdí nìyẹn tí adùn ẹ̀ ò fi lọ.

Tí adẹ́mu bá wà nítòsí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e lọ sóko láàárọ̀ kan. Ẹ dúró nídìí ọ̀pẹ títí á fi tú igbà kúrò nídìí, kó gbé agbè kalẹ̀, kó fẹ́ oyin ẹnu ẹ̀ dànù, kó bù fún yín nígbà tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.