Bí a ṣe mú ètò kọ̀ǹpútà méjì bára wọn sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Oníṣòwò kajú kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ránṣẹ́ pè mí. Ètò kọ̀ǹpútà méjì ló ń lò: ọ̀kan, tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Java kọ, ń ṣe àkọsílẹ̀ àpò kajú tó bá wọ ilé ìkẹ́rùsí, èkejì, tí wọ́n fi èdè C# kọ, ń ṣírò owó tó jẹ àwọn àgbẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn, nítorí náà akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa wo ojú ẹ̀rọ kan, tí yóò sì máa tẹ ohun tó bá rí sínú èkejì. Ọjọ́ tó bá tẹ 81 dípò 18, ariwo ọjọ́ kejì ti délẹ̀ nìyẹn.

Mo lè dá iṣẹ́ náà ṣe, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì LAUTECH ti ń bẹ̀ mí pé kí n kọ́ àwọn bí web service, ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n wá, kí a jọ ṣe é. Yàrá kan ní àdúgbò Under G la ti ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé.

Ní ọjọ́ kìíní, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ kóòdù. Àrokò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọkàn òun fà sí i, ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbà á kò bá mọ̀ pé ẹẹ́fà ló di fífà, ẹyọ owó lásán ló gbà. Ìwé àdéhùn tó ń sọ ìtumọ̀ irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ fún ètò méjì ni WSDL, tí ẹ̀dà 1.1 rẹ̀ jáde ní 2001. SOAP sì ni àpò ìwé tí a fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe REST àti JSON layé ń lò báyìí ni?" REST ni ọ̀nà mìíràn tí ètò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, JSON sì ni ìlànà tí a sábà fi ń to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, èmi náà fẹ́ràn wọn jù. Ṣùgbọ́n SOAP nìkan ni ètò ìṣirò owó náà gbọ́, àlejò sì ni wá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìdajì wákàtí ṣòfò kí a tó rántí pé wọ́n ti yọ wsimport, irinṣẹ́ tó ń sọ WSDL di kóòdù Java, kúrò láti Java 11. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ, èsì 200, tó túmọ̀ sí pé ó yọrí sí rere, sì dé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí a wo inú ètò ìṣirò owó la rí i pé àgbẹ̀ tí a pè ní Ọláṣení nínú ìdánwò wa ti di "?lá?ení". Ibi tí àṣìṣe wà hàn kedere: ISO-8859-1, ìlànà kan fún kíkọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, la fi kọ ọ̀rọ̀ náà, èyí tó ní á àti í, ṣùgbọ́n tí kò mọ ọ àti ṣ tó ní àmì lábẹ́. A yí i sí UTF-8, ìlànà tó mọ gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí, orúkọ náà sì pé.

Èyí tó kọ́ wa lọ́gbọ́n jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí iná lọ láàárín iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wa ti dé ọ̀hún, èsì rẹ̀ ni kò rí ọ̀nà padà. Ètò wa rò pé kò lọ, ó tún un fi ránṣẹ́ nígbà tí iná dé, àpò 12 sì di 24. A dúpẹ́ pé ẹ̀dà ìdánwò la ń lò. Àwọn ọmọ náà fẹ́ máa kọ kóòdù tí yóò lọ yẹ ìṣirò wò kí ó tó tún ọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ padà sínú WSDL. Àyè kan wà níbẹ̀ fún nọ́mbà ìtọ́kasí, tí wọ́n kọ minOccurs="0" sí lára, èyí tó túmọ̀ sí pé kò pọn dandan, àwa náà sì ti fò ó láti ọjọ́ kìíní. Nọ́mbà yẹn gan-an ni ètò náà fi ń mọ ọ̀rọ̀ tó ti gbà rí. A ní kí ilé ìkẹ́rùsí máa fún gbígbà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, kí nọ́mbà náà má sì yí padà bí a bá tilẹ̀ tún un fi ránṣẹ́ nígbà mẹ́wàá. A mọ̀ọ́mọ̀ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì léraléra, 12 kò kúrò ní 12.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, akọ̀wé náà kò gbà wá gbọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi bírò kọ iye àpò sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́, tó ń fi wé ohun tó wà lójú ẹ̀rọ méjèèjì, n kò sì dá a dúró.