Bí mo ṣe to iṣẹ́ ìsìn Cathal Óg Mac Maghnusa, kánọ́nù Armagh, jọ

Ikú Cathal, àlùfáà ilẹ̀ Ireland kan ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í kọ ọjọ́ ìbí àlùfáà ilẹ̀ Ireland sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn, àmọ́ bó bá jẹ́ èèyàn ńlá, wọ́n á kọ ikú rẹ̀. Ti Cathal wà nínú Annals of Ulster, ìwé ìtàn tí òun gan-an ló ní kí akọ̀wé Ruaidhrí Ó Luinín bá òun kọ. Trinity College ní Dublin ló wà, nọ́ńbà ìwé àfọwọ́kọ náà ni MS 1282.

Ṣọ̀pọ̀nná ló pa á, lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá sí Kalends (ọjọ́ kìíní) oṣù kẹrin, 1498. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ni kí ẹ kà á sẹ́yìn: ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin fúnra rẹ̀ ni ení, 31 oṣù kẹta ni èjì, ẹ̀ẹ̀wá á bọ́ sí 23. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: Àjíǹde ọdún náà bọ́ sí 15 oṣù kẹrin, Ẹtì sì ni lóòótọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ní Ọjọ́rú ni, kàlẹ́ńdà òde òní ló fi ṣírò. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti Julius, tí wọ́n ń lò nígbà náà, ni kí ẹ lò.

Ọdún kọgọ́ta rẹ̀ ni wọ́n ní ó wà. Ẹni tó wà nínú ọdún kọgọ́ta ti pé 59, kò tíì pé 60, nítorí náà wọ́n bí i láàárín oṣù kẹta 1438 sí oṣù kẹta 1439.

Ipò rẹ̀ ló le jù. Kánọ́nù, ìyẹn àlùfáà ìgbìmọ̀ kàtídírà (ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù), ni ní Armagh àti Clogher, díósíìsì (agbègbè bíṣọ́ọ̀bù) méjì ní àríwá Ireland; ó tún jẹ́ díìnì Lough Erne, adágún kan níbẹ̀, àlùfáà ìjọ Inishkeen, àti adelé bíṣọ́ọ̀bù fún ọdún 15. Ìwé náà kò sọ èwo ló ṣáájú, ẹ má fipá tò wọ́n bí àtẹ̀gùn; ti adelé nìkan la lè fi ọdún sí, nǹkan bíi 1483. Díìnì yìí kì í ṣe olórí kàtídírà. Àwọn ìjọ agbègbè adágún náà ló ń bójú tó. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á sọ ọ́ di olórí àwọn kánọ́nù Clogher, èyí tí kò jẹ́ rí.

Bí ẹ bá tún lọ wo ìwé àwọn póòpù, ọdún ìgbadé ni wọ́n ń kà: bí àpẹẹrẹ, wọ́n dé Póòpù Sixtus IV ládé ní 25 oṣù kẹjọ 1471, nítorí náà ọdún kejìlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 25 oṣù kẹjọ 1482. Akọ̀wé Róòmù tún máa ń ba orúkọ Ireland jẹ́, bàbá Cathal náà sì ń jẹ́ Cathal, torí náà ẹ wo díósíìsì àti ọdún kí ẹ tó gbà pé òun ni. Lẹ́tà póòpù kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan jókòó sórí ipò. Àṣẹ ni fún àwọn adájọ́ ilé pé kí wọ́n wádìí ẹjọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi í jẹ bó bá jẹ́ òótọ́.