Àbàtà àtọwọ́dá: bí a ṣe ń yọ ajílẹ̀ kúrò nínú omi odò

Bí ẹ bá rí odò tí ojú oró ti bò pátápátá, omi náà ti jẹ ajílẹ̀ yó nìyẹn. NPK (ajílẹ̀ tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtásíọ̀mù) tí òjò gbá kúrò lóko àti ìgbẹ́ adìẹ ló ń bọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ fa irú omi bẹ́ẹ̀ sínú adágún ẹja, ẹ kọ́kọ́ gbà á kọjá nínú àbàtà àtọwọ́dá, ìyẹn kòtò tí a kó òkúta kún, tí a sì gbin ewéko omi sí lójú. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ lẹ fẹ́ bomi rin, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu: ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Àbàtà yìí kò sì sọ omi di mímu o.

Ìwọ̀n tí a ń lò níhìn-ín jẹ́ ti lítà 2,000 lójúmọ́. Omi gbọ́dọ̀ lo bí ọjọ́ mẹ́rin nínú àbàtà. Àárín òkúta ni omi ń gbà, àyè tó sì wà níbẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ, ìdí nìyẹn tí kòtò fi tóbi: gígùn mítà 10, ìbú mítà 4.

Ẹ gbẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí odò kì í kún dé. Ilẹ̀ Èkìtì kì í ṣe pẹrẹsẹ, nítorí náà ẹ fa omi láti apá òkè odò, kó máa fúnra rẹ̀ ṣàn wá. Jíjìn kòtò á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70 níbi tí omi ń gbà wọlé, 80 níbi tó ń gbà jáde. Rọ́bà olómi àwọn bíríkìlà ni kí ẹ fi wo ìdagun náà. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí i, bí kì í bá ṣe ilẹ̀ amọ̀.

Òkúta ńlá ni kí ẹ dà sí ẹnu méjèèjì, ìbú ìdajì mítà. Àárín gba òkúta wẹ́wẹ́, mítà mẹ́ta tó kẹ́yìn sì gba yangí tí a fọ́ tó bí obì. Irin inú yangí ló ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú. Ẹ kún un dé ibi tó ku sẹ̀ǹtímítà 10 sí etí kòtò, kí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Gbogbo òkúta ni kí ẹ fọ̀ dáadáa. Eruku gíráníìtì ló máa ń dí àbàtà tuntun pa.

Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò rí ló ń sọ náítírójìn di atẹ́gùn, wọ́n sì nílò oúnjẹ tí omi odò kì í sábà ní. Ẹ ri apẹ̀rẹ̀ ṣùkù àgbàdo mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ àárín òkúta. Omi á pọ́n, á sì rùn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kó wọ adágún nígbà náà. Bí òórùn ẹyin jíjẹrà kò bá lọ, ṣùkù ti pọ̀ jù, ẹ yọ apẹ̀rẹ̀ kan.

Páìpù tí omi ń gbà jáde gbọ́dọ̀ ní orí tó ṣeé yí sókè sódò. Ẹ yí i kí omi dúró ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí abẹ́ ojú òkúta, ẹ̀fọn ò ní rí ibi yé sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbíngbìn nìkan ni omi lè sún mọ́ ojú òkúta. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gbin ìdò àti ore, mẹ́rin sí mítà kan ní ìbú àti lóròó: 160 lápapọ̀.

Ẹ jẹ́ kí omi gba inú dúrọ́ọ̀mù lítà 200 kọjá kó tó wọlé, kí iyanrìn lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá gbé garawa oní-lítà 20 sábẹ́ ẹnu páìpù tó ń gbé omi wọ àbàtà. Bó bá kún kí ìṣẹ́jú 14 tó pé, omi ń sáré jù, ẹ dín in kù. Nígbà tí odò bá pọ́n lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tì í pa pátápátá.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ gé ewé, ẹ jẹ́ kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ sì kó èyí tí ẹ gé jìnnà. Èyí tó bá jẹrà sínú àbàtà á dá ajílẹ̀ tó ti fà padà sínú omi. Bí omi bá ń yọ sórí òkúta níbi tó ń gbà wọlé, ẹ kó òkúta mítà àkọ́kọ́ jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Bí omi tó ń jáde bá tún ń sọ adágún di àwọ̀ ewé, tí garawa yín kò sì kún kí ìṣẹ́jú 14 tó pé, ó ṣeé ṣe kí yangí ti yó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.