Bí mo ṣe tọpa àwọn Fálkarnir ìlú Winnipeg

"Mọ́mì Ìbàdàn, ẹ kú alẹ́ o. Wọ́n ní ká kọ ìtàn ẹgbẹ́ eléré kan ní ìlú wa." Ọmọ àbúrò mi ló pè láti Winnipeg, ní Kánádà. Mo bi í bóyá ó mọ Winnipeg Falcons. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí, ó sì dùn mí. Àwọn ló kọ́kọ́ gba wúrà họ́kì orí yìnyín ní Òlíḿpíìkì, ní Antwerp, lọ́dún 1920. Mo ní a óò jọ ṣe é.

Iye gòólù tí wọ́n gbá wọlé la kọ́kọ́ wá, torí ìyẹn ò le. Wọ́n na Czechoslovakia ní 15-0, Amẹ́ríkà ní 2-0, Sweden ní 12-1, láàárín ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù Kẹrin.

Orúkọ àwọn eléré náà ló dá wa dúró. Fredrickson, Johannesson, Halderson, Fridfinnson. Byron, Goodman àti Benson jọ Gẹ̀ẹ́sì lójú, àmọ́ ọmọ Iceland ni baba ńlá tiwọn náà. Nínú ẹgbẹ́ náà, Woodman nìkan ni kì í ṣe ìran Iceland. Mo wá lọ sórí timarit.is, níbi tí ilé ìkàwé ìjọba Iceland kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Lögberg àti Heimskringla wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn méjì tí àwọn ọmọ Iceland ń tẹ̀ ní èdè wọn ní Winnipeg nígbà náà. Mi ò gbọ́ èdè náà. Kíbọọ̀dù Yorùbá orí fóònù mi ni mo fi tẹ "á" tó wà nínú Fálkarnir, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà ní èdè Iceland. Mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀rọ, tí mo bá ti rí i, mo kọ ọjọ́ tó wà lókè ojú ewé sílẹ̀.

Ibi ogun ló pẹ́ mi lọ́wọ́ jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun 223 ti Kánádà. Méjì nínú àwọn eléré náà, Thorsteinson àti Cumbers, kò padà láti ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1918. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ọ̀tá ri ọkọ̀ òkun tó gbé Fredrickson, balógun ẹgbẹ́ eléré náà, ní òkun Mẹditaréníà; wọ́n fà á yọ tòun ti fayolíìnì rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, líìgì ńlá Winnipeg ò gbà wọ́n. Wọ́n gbá ti wọn níbòmíì, wọ́n sì padà wá na ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè nínú líìgì ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba Allan Cup, ife àwọn tí kì í gba owó oṣù lórí eré, lọ́wọ́ Yunifásítì Toronto, 8-3 àti 3-2. Wọn ò tiẹ̀ padà sílé kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ Antwerp.

Ọmọ náà fẹ́ fi wúrà bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi Thorsteinson àti Cumbers ṣáájú. Ó kà á sí mi létí lórí fóònù, ó ń fara balẹ̀ pe orúkọ wọn.