Bí Ìgbìmọ̀ Ìjọ Ṣe Lè Kọ Ìwé Ìpinnu Láti Gbógun Ti Ìwà Ẹlẹ́yàmẹ̀yà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ Áńgílíkà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ èyí fún, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá ní kí ẹ wá bá wọn kọ ìdí tí ìjọ fi pinnu láti gbógun ti ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ohun tí ó sábà máa ń ba irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni yóò kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láì sọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí a kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó o.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú Bíbélì. Gbogbo ènìyàn mọ ẹsẹ tí ó sọ pé láti inú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni Ọlọ́run ti dá gbogbo orílẹ̀-èdè, òun sì ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni tí wọ́n ra ènìyàn lẹ́rú náà ní in nínú Bíbélì wọn. Ẹ tún ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tí wọ́n ń sọ èdè Gíríìkì nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, àwọn ènìyàn wọn sì kùn. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé wọ́n ń dá ìjọ rú. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí yóò mójú tó ọ̀ràn náà, orúkọ Gíríìkì sì ni àwọn méjèèje ń jẹ́, láti orí Sítéfánù títí dé orí Níkóláù. Ó jọ pé ọwọ́ àwọn tí a ti ń rẹ́ jẹ gan-an ni a fi iṣẹ́ ìpín náà lé. N kò mọ ibòmíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun tí ó kọ́ ìgbìmọ̀ ìjọ ní iṣẹ́ rẹ̀ kedere tó báyìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìtàn, kí ó sì jẹ́ ìtàn ìjọ fúnra rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ kọ ọ́ láì dárúkọ Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún kejì, ó sì dàgbà ní Freetown. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fún ní irú oyè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1890, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Oníṣà, bàbá arúgbó náà sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi oyè sílẹ̀ fún un, wọ́n sì gba àṣẹ inú oyè náà. Ní ọdún 2014, Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, tọrọ ìdáríjì lórí ọ̀ràn náà.

Ẹ fi ti owó kún un: ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ kan ní oko ìrèké Codrington ní Barbados, níbi tí wọ́n ti fi irin gbígbóná kọ “Society”, ìyẹn “Ẹgbẹ́”, sí àyà àwọn ẹrú. Ẹ fi ti àwọn ará Caribbean tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ọdún 1948 kún un pẹ̀lú, tí àwọn ìjọ kan lé padà lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù Kejì ọdún 2020 ni Sínọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí ó ń ṣòfin fún ìjọ Áńgílíkà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó yí ojú sí ìjọ tiyín. Ẹ fa ìlà sórí ìwé, kí ó jẹ́ ìwé ipò yín, kí ẹ kọ ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́, ẹni tí ó ń fọwọ́ sí owó, ẹni tí ó ń yan orin, àti ẹni tí yóò jókòó nígbà tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá àlùfáà tuntun lẹ́nu wò. Mo mọ ìjọ kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú ju ìdajì lọ, síbẹ̀ tíì àti àga títò nìkan ni orúkọ wọn wà fún. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ó rò pé òun ṣe ibi. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ níbi tí àlùfáà kò sí, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá yọ̀ǹda láì dárúkọ wọn. Kí àwa Yorùbá náà yẹ ẹnu ara wa wò lórí ohun tí a ń sọ nípa àwọn ará Jàmáíkà.

Ẹ fi ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí yóò ṣe é sí ìpinnu kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn tí ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lórí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 ní iṣẹ́ 47 nínú, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ti gbà láti nǹkan bí ọdún 1985 ni kò sì di ṣíṣe kí ó tó di ìgbà náà. Bí a bá fi ìwọ̀sí lọ ẹnì kan, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó lè mú ẹjọ́ lọ bá, kí ó má ṣe jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tí wọ́n fi Crowther joyè bọ́ sí àjọ̀dún Pétérù, ẹni tí Pọ́ọ̀lù bá wí lójú gbogbo ènìyàn ní Áńtíókù nítorí pé ó ya tábìlì rẹ̀ kúrò ní ti àwọn Kèfèrí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ náà lọ́dọọdún, ẹ ka ìwé ìpinnu yín fún ìjọ, kí ẹ sì ka ìwé ipò tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tí ó kọjá, ní orúkọ dé orúkọ.