Ẹ má pe ọ̀rọ̀ ìṣe Faransé bíi Yorùbá o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Faransé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà tá a ń gbà ka Yorùbá kọ́ la fi ń ka ọ̀rọ̀ ìṣe wọn. Tiwa, lẹ́tà tá a bá kọ la máa ń pè, tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo parler, ìyẹn kéèyàn sọ̀rọ̀. Je parle, tu parles, ils parlent, bákan náà ni parle, parles àti parlent ṣe ń dún lẹ́nu, sílébù kan ṣoṣo, ó parí. Ọ̀pọ̀ wa ṣì máa ń pe -ent yẹn síta, kì í dún o, tó bá ti jẹ́ ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe fún ils tàbí elles ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì fi fáwẹ̀lì kún un nídìí bá a ṣe fi ì sídìí búrẹ́dì, "párúlì" kì í ṣe Faransé. P yẹn gan-an, ètè nìkan ni wọ́n fi ń pè é, kì í ṣe p inú pákó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àmì. Ẹ̀ẹ́ rí èèyàn tó bá rí é á gbóhùn sókè, tó bá rí è á fà á wálẹ̀, ẹ dákun, àmì ohùn kọ́ nìyẹn! É wọn ni e tiwa, è wọn ni ẹ tiwa. Torí náà acheter, kéèyàn ra nǹkan, a-che-ter la máa ń pín in tá a bá ń kọ ọ́ (ẹ má pín ch níyà láéláé, ṣ ni, ẹ má sì pín gn inú ga-gner náà níyà), àmọ́ tí wọ́n bá ń sọ ọ́ e àárín yẹn sábà máa ń pòórá, á di "aṣ-te", tó bá wá di j'achète, ẹ lẹ máa gbọ́. J'ai parlé parí sí e, je parlais parí sí ẹ, àwa tá a ní méjèèjì látilé ò yẹ ká ṣì wọ́n pè. Parlons náà, ọn inú ìbọn ló wà níparí ẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra kí l yẹn má di n mọ́ yín lẹ́nu, torí ní Yorùbá l kì í ṣáájú fáwẹ̀lì àránmúpè.

Ó wá ku z, a ò ní in, ìdí nìyẹn tó fi ń di s. Vous avez, ẹ ní, "vu-za-ve" ni, vous savez, ẹ mọ̀, "vu-sa-ve" ni. S ìparí vous, nous àti ils kì í dún, àfi tí ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn lá di z, á sì bọ́ sínú sílébù àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn. Il aime, "i-lẹm", ẹnì kan ni, ils aiment, "il-zẹm", wọ́n pọ̀, z yẹn nìkan lẹni tó ń gbọ́ yín máa fi mọ̀. Ils ont àti ils sont náà ńkọ́, wọ́n ní àti wọ́n jẹ́! Tẹ́ ẹ bá lẹ́bí ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kàwé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ sọ méjèèjì fún wọn, kí wọ́n sọ èwo ni wọ́n gbọ́.